Ìbọn Kọ́ Ló So Wọ́n Pọ̀: Ìdáhùn Lórí Oko Rọ́bà Làìbéríà Lẹ́yìn Ogun

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Bàbá mi wà lára àwọn sójà Nàìjíríà tí wọ́n kó lọ sí Làìbéríà pẹ̀lú ECOMOG, ikọ̀ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Láìpẹ́ yìí ni mo kà á pé lẹ́yìn tí ogun ibẹ̀ parí ní 2003, àwọn kan nínú àwọn tó jagun jókòó pa sí oko rọ́bà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Guthrie. Wọ́n ń ta rọ́bà ibẹ̀, wọ́n ń jẹ owó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà UN wà nílùú. Ọdún 2006 ni wọ́n tó gbà á padà. Kí ló dé tí wọn kò kàn lé wọn? Mo tún gbọ́ pé wọ́n fún àwọn kan nínú wọn níṣẹ́ lẹ́yìn náà. Ṣé kì í ṣe olè ni a ń fún lẹ́bùn yẹn? Ṣé kì í ṣe ohun tí ìjọba tiwa náà ṣe fún àwọn ọmọ Niger Delta nìyẹn?" Òǹkàwé kan ló kọ ọ́ láti Abẹ́òkúta.

Ẹ ṣeun, ẹ bá mi kí bàbá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bi mí nípa Làìbéríà kì í béèrè kọjá Charles Taylor, ààrẹ ibẹ̀ nígbà ogun, àti dáyámọ́ńdì, bẹ́ẹ̀ oko rọ́bà yẹn wà lára ìdánwò àkọ́kọ́ tí ìjọba tuntun bá pàdé. Tí mo bá gbọ́ yín yé, ohun méjì ló ń jẹ yín lọ́kàn. Èkíní: agbára wà, kí ló dé tí wọn kò lò ó? Èkejì: ṣé ó yẹ kí ẹni tó fi ipá gba nǹkan tún jẹ èrè rẹ̀? Iṣẹ́ mi ni láti máa wádìí bí ìjọba ṣe ń padà wọ ibi tí ogun ti lé e jáde, àti irú àwọn ẹgbẹ́ tó máa ń bá níbẹ̀, tí òfin kò mọ̀ ṣùgbọ́n tí gbogbo ará àdúgbò mọ̀. Ìbéèrè kejì yín ló le jù. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná.

Nínú ìwé yín, ó dà bí ẹni pé ìjọba wà lápá kan, àwọn agbébọn wà lápá kejì, UN sì dúró sáàárín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 2003 ni Taylor gbé ìjọba sílẹ̀, tó sì bọ́ sí Calabar. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Accra, wọ́n sì pín ìjọba náà bí ẹni pín ẹran iléyá. Àwọn èèyàn Taylor gba ipò mínísítà márùn-ún, LURD àti MODEL, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ méjì tó bá Taylor jà, gba márùn-ún márùn-ún, ìyókù bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú àti ẹgbẹ́ ará ìlú. Gyude Bryant, oníṣòwò kan, ni wọ́n fi ṣe olórí wọn. Tubmanburg ni LURD fi ṣe ibùdó nígbà ogun, oko Guthrie sì wà nítòsí ibẹ̀, ó nà láti agbègbè Bomi wọ ti Grand Cape Mount. Àwọn ọmọ LURD ló jókòó sí oko náà. Àwọn ọ̀gá wọn jókòó ní Monrovia, olú ìlú, wọ́n wọ súùtù, wọ́n ń jẹ́ mínísítà. Ta ni nínú wọn ni ẹ rò pé yóò buwọ́ lu ìwé pé kí wọ́n lọ lé àwọn ọmọ náà? Ìjọba tí ẹ ń retí pé kó lé wọn, àwọn náà ló wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì tó máa ń rú èèyàn lójú ni ti gbígba ohun ìjà. A máa ń rò pé tí wọ́n bá ti gba ìbọn lọ́wọ́ ọmọ ogun, ó ti di ará ìlú nìyẹn. Ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2003 ni UNMIL, ìyẹn ikọ̀ UN ní Làìbéríà, bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní Camp Schieffelin, ẹ̀yìn Monrovia. Èrò ya bò wọ́n. Àwọn tó dé pọ̀ ju àwọn tí wọ́n múra dè lọ, ìjà owó bẹ́ sílẹ̀, ìbọn ń dún nígboro, wọ́n sì dá ètò náà dúró títí di oṣù kẹrin ọdún 2004. Owó tí wọ́n ṣèlérí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 300 dọ́là, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa san án. Ẹni tí kò bá sì ní ìbọn lè kó 150 ọta ìbọn wá, wọ́n á gbà á wọlé. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ọ̀gá tó ní ọta nílé á pín in fún àbúrò ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ aládùúgbò, wọ́n á wọlé, wọ́n á gbowó, wọ́n á jáde wá pín in pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó ru ẹrù ogun fún un, tí wọ́n se oúnjẹ rẹ̀, tí wọ́n fọ aṣọ rẹ̀, lè máà rí ọta kan gbà. Àwọn ajagun tí wọ́n fojú dá níbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 38,000. Nígbà tí ètò náà parí, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ti lé ní 100,000, ìbọn tó wọlé sì jẹ́ nǹkan bí 28,000. Ètò tí wọ́n ṣe láti já okùn tó wà láàárín ọmọ ogun àti ọ̀gá rẹ̀ ló tún fún okùn náà le, nítorí ọwọ́ ọ̀gá ni ọ̀nà àtiwọlé wà.

Tí kì í bá ṣe ìbọn ló so wọ́n pọ̀, kí ni? Ẹ jẹ́ ká wọ inú oko. Igi rọ́bà yàtọ̀ sí dáyámọ́ńdì tí ẹnì kan lè dì sápò kó sì sá lọ. Ó dúró sójú kan, ó ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀, ó sì ń fẹ́ iṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ìdájí ni òṣìṣẹ́ máa ń dé ìdí igi, nítorí oje kì í ṣàn dáadáa mọ́ tí oòrùn bá ti mú. Á fi ọ̀bẹ tó tẹ̀ lẹ́nu bó èèpo igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ìdagẹ̀rẹ̀, oje funfun á máa kán sínú ife tí wọ́n so mọ́ ara igi. Tí wọ́n bá fi oje náà sílẹ̀ nínú ife, á dì, á di ṣùkù kan tó ń rùn débi pé ẹ ó ti gbóòórùn àpò rọ́bà kí ẹ tó rí i. Inú àpò yẹn ni wọ́n ń kó o sí lọ sí ìdí òṣùwọ̀n.

Ìdí òṣùwọ̀n yìí ni kí ẹ ti lọ wá ọ̀gá oko. Ẹnì kan jókòó tì í pẹ̀lú ìwé ọmọléèwé àti báírò: orúkọ, ìwọ̀n, iye tó kàn án. Wọ́n á yọ ti General, ìyẹn ọ̀gá oko náà, wọ́n á yọ ti àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ìyókù ni ti ẹni tó ṣiṣẹ́. "General" ni wọ́n ṣì ń pè é, lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí ìbọn ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà tó gbé ọkọ̀ wá láti Monrovia kò ní wọlé láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú oko fọwọ́ sọ̀yà fún un pé wọn kò ní dá a lọ́nà. Nítorí náà ọjà méjì ni General ń tà, rọ́bà àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Èyí ló fà á tí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ ariwo ìbọn nínú oko, ìbọn á lé oníbàárà lọ. Ẹni tí wọ́n bá jí rọ́bà rẹ̀ kó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé ẹjọ́ lọ, torí kò sí àgọ́ ọlọ́pàá tó ṣeé gbé e lọ. Lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ oko àtijọ́ wà, tí wọn kò fọwọ́ kan ìbọn rí, tí ilé iṣẹ́ tó gbà wọ́n ti sá lọ nígbà ogun. Ẹ lé General lónìí, ẹ kò tíì sọ ẹni tí yóò jókòó sídìí òṣùwọ̀n lọ́la.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ àgọ́ kò tú títí di 1893. Ọ̀rọ̀ Mọ́dákẹ́kẹ́ àti ti Ìlọrin wà nínú ohun tó fà á, àmọ́ ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń gbé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti gbó sójú ogun. Olóyè ogun ló ń fún wọn ní ìbọn àti ẹ̀tù, òun ló ń dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fìyà jẹ wọ́n, àwọn náà sì ń fi iṣẹ́ àti ìkógun san án padà. Ìlú tó wà lábẹ́ Ìbàdàn ní baba ogun tirẹ̀ ní Ìbàdàn, ajẹ́lẹ̀ sì wà láàárín wọn tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé, ọ̀rọ̀ owó bodè àti ọ̀rọ̀ ẹrú kò jẹ́ kí àwọn àti àwọn ìjòyè sinmi, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ àwọn tó wà lẹ́yìn ìjòyè ti ń wá. Ọ̀rọ̀ Guthrie kò ní ya ẹni tó mọ ìtàn yìí lẹ́nu.

Kò wá ní dáa kí n fi adùn sí ọ̀rọ̀ àwọn General wọ̀nyí. Ìròyìn tí UN gbé jáde ní 2006 lórí àwọn oko rọ́bà Làìbéríà sọ nípa àwọn ọmọdé tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nípa ibi tí kò sí òfin rárá, àti nípa bí àwọn tó jagun tẹ́lẹ̀ ṣe gba oko Guthrie àti ti Sinoe sọ́wọ́. Ìdájọ́ ọ̀gá oko lè dùn mọ́ ẹni tó bá a tan. Ẹni tí kò bá bá a tan ń jìyà, àwọn obìnrin ló sì ń jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Igi náà jìyà. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun á wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ kì í tọ́jú igi fún ẹlòmíràn. Dípò kí wọ́n jẹ́ kí igi sinmi, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bó o, wọ́n ń bó o nísàlẹ̀, wọ́n ń bó o lókè, wọ́n ń gé e wọnú. Igi tó máa ń gbà tó ọdún mẹ́fà tàbí méje kó tó lè mú oje wá, wọ́n lè bà á jẹ́ láàárín ìgbà díẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kò wá fi ipá lé wọn? Àwọn sójà UN tó láṣẹ àtiwà níbẹ̀ jẹ́ 15,000, àmọ́ ilẹ̀ Làìbéríà tóbi ju ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà lápapọ̀ lọ, ọ̀nà rẹ̀ kò sì dáa nígbà òjò. Sójà lè gba oko ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ṣíṣọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi lóru, kí ẹnikẹ́ni má wọlé wá bó o, kì í ṣe iṣẹ́ sójà. Ológun Làìbéríà fúnra rẹ̀ kò sí mọ́. Wọ́n tú u ká, wọ́n sì ń gba 2,000 tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ kan láti Amẹ́ríkà ló ń kọ́ wọn. Ọlọ́pàá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn tó ń dáàbò bo àlàáfíà kì í fi gbogbo ìgbà mọ́. Bàbá yín á mọ ohun tí mo ń sọ, kó má bínú sí mi: nígbà ogun àkọ́kọ́, àwọn ará Monrovia fi orúkọ ECOMOG ṣe yẹ̀yẹ́ pé mọ́tò àti ohunkóhun tó bá ti lè mira ni wọ́n ń kó lọ. Àwọn sójà wa kú sí ìlú yẹn, wọ́n sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là. Wọ́n tún ṣòwò níbẹ̀. Méjèèjì ṣẹlẹ̀.

Ìgbà tí Ellen Johnson Sirleaf gorí àléfà ní oṣù kìíní ọdún 2006 ni nǹkan yí padà, nítorí fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ogun, ìjọba tí wọ́n dìbò yàn ló wà níbẹ̀, kì í ṣe èyí tí àwọn ẹgbẹ́ ogun pín láàárín ara wọn. Ìjọba rẹ̀ àti UN gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn oko rọ́bà. Wọ́n bá àwọn ọ̀gá inú oko sọ̀rọ̀ títí, wọ́n jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé wọn yóò wọlé, wọ́n sì wọ Guthrie ní oṣù kẹjọ. Kò di ogun. Ẹgbẹ́ àwọn olóko rọ́bà Làìbéríà ni wọ́n ní kó máa bójú tó o fún ìgbà díẹ̀. Lóòótọ́, àwọn kan lára àwọn tó wà níbẹ̀ rí iṣẹ́ ṣe lábẹ́ alákòóso tuntun.

Ẹ fi èyí wé Sapo, igbó ọba tó wà ní Sinoe, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn tó jagun tẹ́lẹ̀ wà lára wọn, ti ń wa wúrà. Ní 2005, wọ́n kó wọn jáde. Wúrà wà nílẹ̀ síbẹ̀, kò sí iṣẹ́ mìíràn, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó kò tó nǹkan, àwọn èèyàn sì padà wọlé. Nígbà tó yá, wọ́n tún ní láti lé wọn lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó fà á tí Guthrie fi dúró tí Sapo kò fi dúró rọrùn lójú tèmi: ní Guthrie, ẹnì kan wà tó bọ́ sídìí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ kejì, tó ń ra rọ́bà, tó sì ń sanwó. Ní Sapo, ìjọba kò ní ohunkóhun tó lè fi rọ́pò ohun tó gbà, nítorí òfin sọ pé kò gbọdọ̀ sí iwakùsà níbẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí olè àti ẹ̀bùn. Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀bùn wà nínú rẹ̀. Ẹni tó rú òfin rí nǹkan gbà, ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ sílé rẹ̀ ní Tubmanburg kò rí. Ìyẹn dun àwọn èèyàn ibẹ̀ gan-an, ó sì tọ́ kó dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má pa gbogbo wọn pọ̀. Ọ̀dọ́ tó ń bó igi láti ìdájí kò jọ ẹni tó jókòó sídìí òṣùwọ̀n, ẹni tó jókòó sídìí òṣùwọ̀n kò sì jọ ẹni tó ń gba owó náà ní Monrovia. Tí ìjọba bá gba ọ̀dọ́ yẹn síṣẹ́, tó san owó rẹ̀ lé e lọ́wọ́ tààrà láìgba ọwọ́ General, ó ti já ọmọ yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Tí ìjọba bá sanwó fún General kó máa bá a kó àwọn ọmọ rẹ̀ níjàánu, ó ti fi oyè dá a lọ́lá, á sì rí i dájú pé àwọn ọmọ náà kò tán lẹ́yìn òun. Èyí àkọ́kọ́ ni mo fara mọ́. Èkejì ni mo ń bẹ̀rù, òun sì ni ìjọba máa ń yàn, torí pé ó yá kánkán. Ṣé kí wọ́n ti dúró láìṣe nǹkan kan ńkọ́? Ìyẹn ni ìjọba Bryant ṣe. Ẹ ti rí ohun tó fi igi àti òṣìṣẹ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ oyè yìí kò mọ sínú oko. Prince Johnson, ọ̀gá ẹgbẹ́ ogun kan, tí gbogbo ayé rí nínú fídíò níbi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ Ààrẹ Samuel Doe ní 1990, sá wá sí Nàìjíríà, ó gbé ní Èkó, ó di pásítọ̀. Ó padà sílé, àwọn ará Nimba dìbò yàn án sí ilé aṣòfin àgbà ní 2005, ó sì wà níbẹ̀ títí tó fi kú ní 2024. Kì í ṣe pé àwọn tó dìbò fún un kò mọ ohun tó ṣe. Ìyà tí ìjọba Doe fi jẹ àwọn ará Nimba kò kúrò lọ́kàn wọn, ẹni tó jà fún wọn nígbà náà ni wọ́n rí.

Ní ti Niger Delta, ó jọra, ó sì yàtọ̀. Ní 2009 tí Ààrẹ Yar'Adua dárí ji àwọn agbébọn ibẹ̀, nǹkan bí 30,000 orúkọ ló wọ inú ìwé, 65,000 náírà lóṣooṣù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Epo tún ṣàn, kò sẹ́ni tó lè sẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ọ̀gá ni ọ̀pọ̀ orúkọ ti jáde, owó náà kò sì so mọ́ iṣẹ́ kan tó ṣeé fojú rí. Ètò tó yẹ kó parí ní 2015 kò parí. Ní Guthrie, oko kúrò lọ́wọ́ General, owó sì di owó iṣẹ́. Ọ̀hún ni kí ẹ máa wò tí ẹ bá gbọ́ pé ìjọba kan fẹ́ bá àwọn agbébọn ṣàdéhùn: ọwọ́ ta ni owó máa gbà kọjá, ìgbà wo ló máa tán?

Ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí ìmọ̀ irú wa mọ o. Àwọn tó ń bá olùwádìí sọ̀rọ̀ ni àwọn tó wà nínú oko, tí ọ̀rọ̀ náà ti tán lọ́wọ́ wọn tàbí tí wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ẹjọ́ àwọn. Oníṣòwò ńlá tó ra rọ́bà náà, tó tún un tà sókè òkun, kì í gba àlejò irú wa. Nítorí náà a mọ ìsàlẹ̀ ju òkè lọ, General tí mo ti ń sọ láti òkè wá, àárín ló wà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀rí hàn pé ogun ì bá tún bẹ̀rẹ̀ ká ní wọ́n fi ipá wọ Guthrie ní 2004. Àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà bẹ̀rù rẹ̀, mo sì gbà pé ẹ̀rù náà ní ìdí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí ẹ kò béèrè. Ní 2009, ìjọba Làìbéríà fi 220,000 hẹ́kítà ilẹ̀, tí oko Guthrie wà lára rẹ̀, lé Sime Darby ti Màléṣíà lọ́wọ́ fún ọdún 63, kí wọ́n fi gbin ọ̀pẹ. Lórí ìwé, ìjọba ti padà dé pátápátá nìyẹn. Ní 2011, àwọn ará abúlé ní Grand Cape Mount kọ̀wé ẹ̀sùn sí àjọ àgbáyé tó ń ṣòfin fún àwọn olóko ọ̀pẹ, pé katakata ilé iṣẹ́ náà ti wú ohun ọ̀gbìn àwọn, ó sì ti gorí sàréè àwọn baba àwọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ilẹ̀. Adájọ́ àti ọlọ́pàá ti wà ní agbègbè náà nígbà yẹn. Òkè òkun ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà gbà.